Ìdí tí òǹtẹ̀ yín fi ń fẹ̀ lórí káàdì, àti ibi tí ẹ ti lè rí òǹtẹ̀ tó ń kíni ní Yorùbá

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Nínú oṣù Kejìlá ni màmá wa máa pé ẹni 70 ọdún. Mo fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣe káàdì ìdúpẹ́ 60 tí a ó pín fún àwọn tó bá wá bá wa yọ̀, kí n sì ṣe ńlá kan fún Màmá fúnra wọn. Mo ra òǹtẹ̀ oníke tó mọ́ gaara lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ní páàdì íńkì tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì, mo sì ra káàdì dídán. Ṣùgbọ́n òdòdó tí mo bá tẹ̀ ń fẹ̀, apá kan kì í hàn, apá kejì a sì máa parẹ́ bí ọwọ́ bá kàn án. Gbogbo ọ̀rọ̀ ara òǹtẹ̀ náà, Gẹ̀ẹ́sì ni. Níbo ni mo ti lè rí ti Yorùbá? Ṣé kí n kúkú ra ẹ̀rọ tí ń gé bébà ni? Àbúrò yín, Ògbómọ̀ṣọ́.

Àbúrò mi, ẹ kú ìmúra ọjọ́ ńlá. Màmá á pẹ́ fún yín, ẹ ó tún ṣe ti 80, ẹ ó ṣe ti 90.

Ẹ má dá ọwọ́ yín lẹ́bi. Káàdì dídán tí ẹ rà àti páàdì ọ́fíìsì tí ẹ ń lò ni kò bára wọn rẹ́. Aró tí wọ́n fi omi pò ni íńkì ọ́fíìsì. Inú bébà ló ti ń gbẹ, nítorí náà bébà gbọ́dọ̀ lè mu ún. Àmọ́ wọ́n ti fi nǹkan ra ojú káàdì dídán kí omi má baà tètè wọlé. Bí ẹ bá tẹ òdòdó lé e, íńkì á dúró sójú, á máa wá ibi tí yóò ṣàn gbà. Ibẹ̀ ni fífẹ̀ ti ń wá, òun náà ló sì fà á tí ọwọ́ fi ń pa á rẹ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí, bébà ni mo máa ń ní kó kọ́kọ́ náwó lé, kí íńkì tẹ̀ lé e, kí òǹtẹ̀ gbẹ̀yìn. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é lódì. Wọ́n á kó òǹtẹ̀ rẹpẹtẹ jọ, wọ́n á wá máa tẹ̀ ẹ́ sórí bébà èyíkéyìí tó bá wà nílé. Òǹtẹ̀ olówó ńlá kò lè ran bébà burúkú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọ̀dùnkún tí ẹ fi ọ̀bẹ gé ṣe òǹtẹ̀, tí ẹ tẹ̀ sórí bébà rere, iṣẹ́ tó ṣeé gbé fún ọba ni.

Ẹ lọ bá àwọn tó ń ta bébà fún àwọn atẹ̀wé, ẹ béèrè káàdì funfun tí kò dán, tí ojú rẹ̀ jọ̀lọ̀, tó wà láàárín gíráàmù 250 sí 300. Gíráàmù yìí ni ìwúwo bébà náà bí ó bá jẹ́ mítà kan ní ìbú àti mítà kan ní gígùn. 80 ni bébà fọ́tókọ́pì, ẹ ó rí i pé ó jìnnà síra. Bí ẹnì kan bá ń bọ̀ wálé láti Èkó, ẹ ní kó yà ní Ṣómólú. Ibẹ̀ ni àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí, wọ́n sì lè bá a gé bébà fífẹ̀ sí A4 lójú ẹsẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta Conqueror onílà tí a fi ń tẹ ìwé ẹ̀rí fún yín. Ó rẹwà lójú, ṣùgbọ́n ilà ara rẹ̀ máa ń já ilà tín-ín-rín inú òǹtẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Kádíbọ́ọ̀dù aláwọ̀ tí àwọn ọmọ iléèwé ń rà kò le tó láti dá dúró fúnra rẹ̀. Ẹ lè gé e lẹ̀ mọ́ ojú káàdì kó fi àwọ̀ kún un.

Ohun kan wà nípa bébà tí kì í hàn sójú, òun ló sì ń pinnu bí káàdì á ṣe ká. Nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣe bébà, àwọn fọ́nrán wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ máa ń sùn sí ọ̀nà kan náà. Bí ẹ bá ká a bá ọ̀nà tí wọ́n sùn sí, á dán, á sì tẹ́jú. Bí ẹ bá ká a dábùú wọn, á sán, ẹ ó sì rí funfun gbágungbàgun lójú ìká náà. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ di A4 kan mú, ẹ rọra tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ẹ tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, láìjẹ́ kó ká tán. Ọ̀nà tó bá ti rọ̀ jù ni kí ẹ gbà ká a. Nínú ọ̀pọ̀ A4, òró ni wọ́n sùn sí. Ìdí nìyí tí A4 tí a ká sí méjì láti di A5 fi máa ń sán tó bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ gé A4 sí méjì, kí ẹ wá ká ìlàjì kọ̀ọ̀kan. Káàdì A6 lẹ ó ní, mìlímítà 105 sí 148, á wọ àpòòwé C6 wẹ́kú, ìká rẹ̀ á sì bá fọ́nrán lọ. A4 kan á fún yín ní káàdì méjì, nítorí náà 30 ló máa ṣe 60. Ẹ ra 40, nítorí díẹ̀ á bàjẹ́.

Kí ẹ tó ká a, ẹ fa ilà sí i. Ẹ gbé rúlà lé àárín gbùngbùn, ẹ fi báírò tí íńkì rẹ̀ ti gbẹ fa ilà kan tó jìn, láìgé e. Ojú tí ẹ fa ilà sí ni yóò wà níta, ibi tó yọ sókè lódìkejì ni yóò wà nínú. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé òdìkejì ló yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àjákù méjì dán an wò, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí ra ojú ìká náà mọ́lẹ̀.

Ó kan íńkì. Oríṣi méjì ló ṣe pàtàkì fún iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe. Èkíní ni íńkì aláró, tó máa ń wọ inú bébà lọ, tó sì máa ń gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ó dára fún káàdì púpọ̀, àmọ́ oòrùn máa ń ṣá a, omi sì máa ń mú un ṣàn. Ti ọ́fíìsì yín wà nínú ìdílé yìí, ẹ má sọ ọ́ nù. Lórí káàdì tí kò dán, ó lè tẹ ọ̀rọ̀ dúdú dáadáa. Èkejì ni íńkì pígmẹ́ǹtì. Lúbúlúbú àwọ̀ ló wà nínú rẹ̀, orí bébà ló ń jókòó sí, kì í wọlé púpọ̀. Ó nípọn, ó mọ́lẹ̀, kì í tètè ṣá, ṣùgbọ́n ó lọ́ra láti gbẹ, àti pé lórí bébà dídán ó lè má gbẹ rárá. Òun ni ẹ ó nílò bí ẹ bá fẹ́ fi góòlù sí káàdì Màmá, mo ń bọ̀ níbẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi búrọ́ọ̀ṣì àti ọ̀dà olómi kun inú òdòdó lẹ́yìn tí ẹ tẹ̀ ẹ́, íńkì tí omi kò lè mú ṣàn ni kí ẹ rà. Ẹ má gbára lé ohun tí wọ́n kọ sára páálí nìkan. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí àjákù, ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa, ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì tútù fà á. Bí ilà náà bá dúró ṣinṣin, ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Oṣù Kejìlá yín á bọ́ sí ìgbà ọyẹ́, páàdì tí ẹ bá ṣí sílẹ̀ á sì tètè gbẹ. Ẹ máa dé e ní gbogbo ìgbà tí ẹ kò bá lò ó, kí ẹ sì dojú rẹ̀ bolẹ̀ tí ẹ bá ń tọ́jú rẹ̀, kí íńkì lè sọ̀ sójú. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò lẹ bẹ̀rẹ̀, bébà gan-an ni kí ẹ ṣọ́. Ó ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó sì ń ká kò. Ẹ dì í sínú ọ̀rá, ẹ fi ìwé wíwúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Wàyí o, apá tí kì í hàn nínú òǹtẹ̀ yín. Òǹtẹ̀ oníke tuntun máa ń ní ohun kan bí òróró lójú, íńkì kì í sì í dì mọ́ ọn. Ẹ fi ìrésà funfun rọra pa ojú rẹ̀, ẹ fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ó ṣeé ṣe kí èyí nìkan yanjú ìdajì wàhálà yín. Ìdajì tó kù wà lábẹ́ bébà. Tábìlì líle kì í dọ́gba tó bí ojú ṣe rí i, òǹtẹ̀ oníke kò sì ní tìmùtìmù lẹ́yìn bíi ti rọ́bà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ igi. Ẹ tẹ́ ìwé ìròyìn bíi mẹ́rin sábẹ́ bébà, á gbà á.

Ẹ má ri òǹtẹ̀ sínú páàdì. Ẹ dojú òǹtẹ̀ sókè, kí ẹ fi páàdì lù ú pẹ́pẹ́pẹ́ títí gbogbo ojú rẹ̀ á fi ní íńkì, láìjẹ́ kí íńkì dá adágún sáàárín ilà. Ẹ dìde dúró, ẹ gbé e lé bébà gan-an, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ láti òkè tààrà, ẹ fi ìka tẹ igun kọ̀ọ̀kan, ẹ gbé e sókè tààrà. Ẹ kò gbọ́dọ̀ mì í síwá sẹ́yìn. Mímì yẹn ló ń fi àbàwọ́n etí òǹtẹ̀ sára bébà. Àkọ́kọ́ tí ẹ bá tẹ̀, orí àjákù ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí. Bí ẹ bá tiẹ̀ tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì láìfi íńkì kún un, àwọ̀ á fúyẹ́, ẹ sì lè lò ó fún òdòdó tó dúró lẹ́yìn òdòdó.

Bí ẹ bá parí, aṣọ tútù ti tó láti nù ún. Ẹ má kó òǹtẹ̀ olórí igi sínú omi, gọ́ọ̀mù á tú. Ẹ má sì jẹ́ kí ti oníke wà nínú oòrùn, á le, á sì pọ́n.

Mo fẹ́ jókòó ti ọ̀rọ̀ òǹtẹ̀ Yorùbá, torí ó dùn mọ́ mi pé ẹ béèrè rẹ̀. Ẹ má wá a lọ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ lọ bá àwọn tó ń ṣe òǹtẹ̀ ọ́fíìsì, àwọn tó máa ń wà nítòsí kóòtù àti ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, tó ń ṣe ti lọ́yà, ti ẹgbẹ́ àti ti ìjọ. Ohun tí wọ́n bá lè ṣe fún lọ́yà, wọ́n lè ṣe é fún yín. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ kò fẹ́ èyí tó gbé íńkì sínú ara rẹ̀, nítorí àwọ̀ kan ṣoṣo nìyẹn á máa tẹ̀ títí ayé. Rọ́bà tàbí ike rẹ̀ lásán lẹ fẹ́, láìsí ọwọ́, láìsí páálí. Bí wọ́n bá ní irú tí a lè rí òdìkejì rẹ̀, ẹ gba ìyẹn, ẹ ó máa rí ibi tí ẹ ń tẹ̀ gan-an. Àwọn tó ń ṣe pátákó ìpolówó lè gé ike nínípọn tó mọ́ gaara fún yín, ẹ ó máa lẹ òǹtẹ̀ mọ́ ọn bí ẹ bá fẹ́ lò ó.

Kò yẹ kí ẹ ṣe òǹtẹ̀ kan fún ìkíni kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo èdè wa: “Ẹ kú” ló ṣáájú gbogbo rẹ̀. Ẹ ṣe òǹtẹ̀ “Ẹ kú” kan, kó tóbi, kó rẹwà. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe àwọn kékeré: ọjọ́ ìbí, oríire, ewu ọmọ, ọdún, ìnáwó, àbáṣe, àṣẹ̀yìndè. Ẹ to gbogbo wọn sórí ojú ewé kan ṣoṣo, kí oníṣẹ́ ṣe é pa pọ̀ bí òǹtẹ̀ ńlá kan, ẹ ó fi sìsọ́ọ̀sì gé wọn sọ́tọ̀ nílé. Bí ẹ bá ti tẹ “Ẹ kú” tán, ẹ mú ìkan nínú wọn sábẹ́ rẹ̀. Fún ayẹyẹ Màmá, “Ẹ kú àbáṣe” ló tọ́ sí àwọn àlejò yín. Lọ́dún tó ń bọ̀, òǹtẹ̀ kan náà á kí ìyá ọlọ́mọ tuntun, á sì bá ẹni tí bàbá rẹ̀ wọlé sùn kẹ́dùn. Kò sí àpótí òǹtẹ̀ kan láti òkè òkun tó lè ṣe ìyẹn fún yín.

Ẹ má kọ ọ̀rọ̀ náà sórí ìwé kí ẹ ní kí wọ́n bá yín tẹ̀ ẹ́. Àmì ló máa kọ́kọ́ sọnù. Ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi PDF ránṣẹ́. Irú lẹ́tà tí ẹ bá lò gbọ́dọ̀ mọ Yorùbá. Noto, Gentium àti Charis SIL mọ̀ ọ́n, ọ̀fẹ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn lẹ́tà tó rí bí ìkọ̀wé ọwọ́ tí ẹ ń rí lórí káàdì ìgbéyàwó rẹwà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò ní àmì sókè àti nísàlẹ̀ pa pọ̀. Ẹ ó tẹ ọ̀, á sì gbé àmì náà sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ìwọ̀n lẹ́tà lórí kọ̀ǹpútà kéré ju 16 lọ. Bó bá kéré, íńkì á di àmì abẹ́ ẹ mọ́ ìdí lẹ́tà náà, ọ̀rọ̀ á di òmíràn. Bí ìlà bá jẹ́ méjì, ẹ fi àyè gbígbòòrò sáàárín wọn, kí àmì ohùn ìlà ìsàlẹ̀ má baà kọlu àmì abẹ́ ìlà òkè. Ẹ ní kí wọ́n fi àwòrán rẹ̀ hàn yín kí wọ́n tó ṣe é, kí ẹ sì ka àmì kọ̀ọ̀kan. Orúkọ àti ìkíni tí ó ní àmì rẹ̀ pé, ó tẹ́ mi lọ́rùn ju wúrà orí káàdì lọ.

Ní ti àwòrán, ẹ lè gbẹ́ ẹ fúnra yín. Bí ẹ bá ti dé Ìtòkú ní Abẹ́òkúta rí, ẹ ó ti rí àwọn aládìrẹ tó ń gé fóòmù sí ọnà, tí wọ́n ń rì í sínú àbẹ́là yíyọ́, tí wọ́n sì ń tẹ̀ ẹ́ sáṣọ. Ọgbọ́n kan náà ni. Àtẹ́lẹsẹ̀ sílípáàsì tó ti gbó, tí ẹ fọ̀ mọ́, tí ẹ fi abẹ tuntun gé, á tẹ àwòrán ńlá tí kò ní ilà wẹ́wẹ́. Ìrésà funfun ńlá ló dára fún èyí tó kéré. Ẹ fi pẹ́ńsù dúdú ya ewé ẹ̀gẹ́ sórí bébà fẹ́lẹ́, ẹ dojú bébà náà dé ìrésà, ẹ fi èékánná rà á, àwòrán á sì kọjá sára rẹ̀. Ẹ wá gé gbogbo ibi tí ẹ kò fẹ́ kó tẹ̀ kúrò. Kí abẹ máa dà sẹ́yìn kúrò lára àwòrán, kí ìdí ilà lè fẹ̀ ju ojú rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá gé abẹ́ rẹ̀ wọlé, ilà náà á ya lẹ́yìn ìgbà díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ lódìlódì bó bá ní ọ̀rọ̀ nínú, àmọ́ ìdojúdé yẹn ti ṣe é fún yín.

Bí ẹ bá fẹ́ kí òdòdó kan dúró níwájú òmíràn, ẹ tẹ ti iwájú sórí káàdì, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fẹ́lẹ́, ẹ gé ti bébà fẹ́lẹ́ náà, ẹ gbé e bo èyí tó wà lórí káàdì, ẹ wá tẹ òdòdó kejì gba orí rẹ̀ kọjá. Bí ẹ bá ká ìbòjú náà kúrò, kejì á wà lẹ́yìn èkíní.

Káàdì Màmá ni kí ẹ fi góòlù sí, ẹ má bá a dé ara 60 yẹn, agara á dá yín. Ẹ ó ra ẹ̀tù góòlù, ìyẹn lúbúlúbú aláwọ̀ góòlù tí ooru ń yọ́ (embossing powder). Ẹ fi aṣọ tí ẹ di pọ́dà ọmọdé díẹ̀ sí nínú gbá ojú káàdì fẹ́rẹ́, kí ẹ̀tù má baà lẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ. Ẹ fi íńkì pígmẹ́ǹtì tẹ ọ̀rọ̀, ẹ da ẹ̀tù lé e kíákíá kó tó gbẹ, ẹ gbọn ìyókù padà sínú ìgò. Ẹ̀rọ tí ń fẹ́ irun kì í gbóná tó, afẹ́fẹ́ rẹ̀ á sì gbọn ẹ̀tù nù. Bí ẹ kò bá ní ẹ̀rọ ooru tí wọ́n ṣe fún un, ẹ dojú áyọ́ọ̀nù gbígbóná sókè, kó dúró ṣinṣin, ẹ fi ohun tí kì í gbóná di etí káàdì mú, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sún mọ́ irin náà láìkàn án. Lójijì ni ẹ̀tù á yọ́, tí á sì máa dán. Kété tó bá dán, ẹ gbé e kúrò. Kí ọmọdé má wà nítòsí.

Bí aṣọ ẹbí ọjọ́ náà bá ti wọlé, àjákù rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì á fi hàn pé ti ayẹyẹ yín ni. Ẹ lọ̀ ọ́ kó tẹ́jú, ẹ fi téèpù ojú méjì lẹ̀ ẹ́. Gọ́ọ̀mù olómi á yọ sójú aṣọ, á sì jẹ́ kí bébà wú. Inú káàdì Màmá, ẹ má tẹ òǹtẹ̀ síbẹ̀ rárá. Ẹ fi báírò tó dára kọ oríkì wọn, bí àwọn àgbà ilé ṣe ń kì wọ́n, láti ọwọ́ yín.

Ẹ̀rọ tí ń gé bébà? Rárá, kì í ṣe fún káàdì 60. Ó nílò iná, kọ̀ǹpútà, ẹní alẹ̀mọ́ra tí a ń pààrọ̀ àti abẹ tí a ń pààrọ̀, owó á sì máa jáde lẹ́yìn tí ẹ ti rà á tán. Rúlà onírin, abẹ mímú àti kádíbọ́ọ̀dù nínípọn tí ẹ ó tẹ́ sábẹ́ ti tó. Ìgbà tí àwọn èèyàn bá ń pè yín pé kí ẹ bá àwọn gé irú ọnà kan náà ní ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún, ẹ lè wá rò ó nígbà náà.

Ẹ kọ́kọ́ ṣe mẹ́ta pátápátá, kí ẹ fi wọ́n sílẹ̀ mọ́jú. Bí ohun gbogbo bá dúró, ẹ wá ṣe ìyókù ní ìpele-ìpele: ẹ gé gbogbo rẹ̀, ẹ fa ilà sí gbogbo rẹ̀, ẹ tẹ “Ẹ kú” sórí gbogbo rẹ̀, kí ẹ tó bọ́ sórí “àbáṣe”, kí òdòdó gbẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ fún ọjọ́ kan kí wọ́n tó wọ àpòòwé, pàápàá èyí tó bá ní pígmẹ́ǹtì. Bí àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ bá tún fẹ̀, ẹ ya fọ́tò wọn, kí ẹ ya ti páàdì àti ti páálí bébà mọ́ ọn, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, n ó wò ó.